Humphrey Gilbert, ẹni tó ta ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí

Ọjọ́ 17 péré ni Humphrey Gilbert lò ní èbúté St. John's, ní erékùṣù Newfoundland, ní Kánádà òde òní, lọ́dún 1583. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ó gba ilẹ̀ náà lórúkọ Elizabeth, ọbabìnrin England, ó ṣòfin mẹ́ta, ó pín etí omi fún àwọn apẹja pé kí wọ́n máa san owó ilẹ̀, ó sì ṣíkọ̀ lọ. Kò fi ẹnì kan ṣoṣo sílẹ̀ láti máa gbé ibẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí òkun fi gbé òun náà mì.

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn rẹ̀, ikú yẹn ni wọ́n máa ń sọ jù: ọkọ̀ kékeré, ìjì, ọ̀gá tó jókòó tó ń kàwé nígbà tí omi ń ru. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ máa ń dẹ́bi fún, mi ò sì rò pé òkun ló jẹ̀bi. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ohun tí Edward Hayes kọ sílẹ̀ (òun ni ọ̀gá ọkọ̀ Golden Hind, tó bá Gilbert rìn títí dé òpin) yóò rí i pé iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ ní England kí wọ́n tó ta ìgbòkun. Owó kò sí, ìwé àṣẹ sì ní gbèdéke. Nínú ohun méjì yìí ni gbogbo ìpinnu burúkú tó tẹ̀ lé e ti jáde.

Wọ́n bí i ní nǹkan bí ọdún 1539 ní Devon, ní ilé Greenway létí odò Dart. Kì í ṣe dáwódù. John ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jogún ilé. Nígbà tí Otho bàbá wọn kú, Katherine ìyá wọn fẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter Raleigh, ó sì bí Walter Raleigh kékeré fún un, èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé. Ọmọ ìyá ni Gilbert àti Raleigh, bàbá ló yàtọ̀. Ẹ rántí èyí, ó máa wúlò níwájú. Gilbert lọ sí Eton, ó lọ sí Oxford, ó sì di ọmọ ogun.

Ireland ni ó ti kọ́kọ́ lórúkọ, orúkọ náà kò sì dára. Lọ́dún 1569 wọ́n fi í ṣe olórí ogun ní Munster. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa gé orí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pa lóòjọ́, kí wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó wọ àgọ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá fẹ́ wá túúbá fún un, àárín orí bàbá rẹ̀, orí ọmọ rẹ̀, orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Thomas Churchyard tó jẹ́ ará England bíi tirẹ̀ ló kọ èyí sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ bí ẹni tó ń yìn ín. Ọjọ́ kìíní ọdún 1570 ni wọ́n fi í joyè Sir. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi èyí sí iwájú, kí a má baà wá fi ìgboyà rẹ̀ lórí omi bo ohun tó ṣe lórí ilẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó tún jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ olówó gọbọi máa ń tètè wọ̀ létí. Ní nǹkan bí ọdún 1571 ó dara pọ̀ mọ́ William Medley, ọkùnrin kan tó ní òun lè sọ irin di bàbà. Owó wọlé síbẹ̀, bàbà kò jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó gbájú mọ́ èrò kan tó ti ń gbé kiri láti 1566, pé ọ̀nà omi wà ní àríwá Amẹ́ríkà tó lọ sí China, àti pé kí England fi èèyàn tirẹ̀ dó sí ojú ọ̀nà náà.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1578 ni ọbabìnrin fún un ní ìwé àṣẹ. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Gilbert lè wá ilẹ̀ èyíkéyìí tí ọba Kristẹni kankan kò tí ì gbà, kó di tirẹ̀ àti ti àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀. Ó lè tà á, ó lè fi tọrẹ, ó lè ṣòfin níbẹ̀, ó sì lè dá ẹjọ́. Ìdá kan nínú márùn-ún wúrà àti fàdákà tó bá jáde níbẹ̀ jẹ́ ti ọbabìnrin. Ṣùgbọ́n bí ọdún mẹ́fà bá kọjá tí kò fi èèyàn dó síbì kankan, ìwé náà di òkú. Kò sí owó kọ́bọ̀ kan láti àpò ìjọba nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gilbert fúnra rẹ̀ ni yóò wá owó ọkọ̀, owó oúnjẹ àti owó iṣẹ́.

Ọdún yẹn gan-an ló gbìyànjú àkọ́kọ́. Kí wọ́n tó kúrò létíkun ni Henry Knollys, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, ti bá a jà, tó sì kó ọkọ̀ mẹ́ta lọ ṣiṣẹ́ olè lórí omi. Gilbert kó ọkọ̀ méje tó kù jáde ní Plymouth ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá. Ẹ fojú inú wo oṣù Kọkànlá lórí Àtìláńtíìkì pẹ̀lú ọkọ̀ onígbòkun! Ìjì dá wọn padà, oúnjẹ tán, kò sì sí ẹni tó rí Amẹ́ríkà nínú wọn. Falcon, ọkọ̀ tí Raleigh àbúrò rẹ̀ ń darí, ló jìnnà jù, òun náà sì padà wálé lófo. Ọdún kan ti lọ nínú mẹ́fà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ìjọba yá ọkọ̀ rẹ̀ lò fún ogun Ireland, wọn kò sì san owó rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ní 1581 ó kọ lẹ́tà sí Francis Walsingham, akọ̀wé ọbabìnrin, pé ó ti kù díẹ̀ kí òun ta aṣọ ọrùn ìyàwó òun. Anne Ager ni ìyàwó yẹn ń jẹ́, ọmọ olówó láti Kent, owó rẹ̀ ló sì ti bá ìrìn àjò àkọ́kọ́ lọ.

Kí ni ẹni tí kò lówó, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì ń lọ sópin, lè tà? Ilẹ̀ ni. Ní 1582 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ilẹ̀ Amẹ́ríkà tà. Ó gé mílíọ̀nù mẹ́ta éékà fún Philip Sidney, akéwì ará England. Ó ta òmíràn fún George Peckham àti Thomas Gerrard, àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì tí owó ìtanràn ìjọba England ti ń pa lára nítorí ẹ̀sìn wọn, tí wọ́n sì ń wá ibi tí wọn yóò sá lọ. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ní Mọ́níyà tàbí Akóbọ̀ rí mọ ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi í: ẹbí wo ló ni ín, ìwé sọ́fè dà, níbo ni ààlà wà, ṣé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ̀ pé ẹ ń tà á? Gilbert kò lè dáhùn ọ̀kan nínú wọn. Kò dé ilẹ̀ náà rí, kò sì ní dé ibẹ̀ títí tí yóò fi kú. Àwọn tó ni ín, tí wọ́n ń gbin àgbàdo tí wọ́n sì ń pẹja níbẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀rí tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ náà ba ni nínú jẹ́. Wọ́n pe atukọ̀ kan tó ń jẹ́ David Ingram wá ní 1582. Ó ní òun fi ẹsẹ̀ rìn láti etíkun Mexico títí dé ẹ̀bá Cape Breton, òun rí wúrà, òun rí fàdákà, òun sì rí erin. Báwo ni Ingram ṣe dé Mexico? John Hawkins ló já a sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1568, lẹ́yìn tí àwọn Sípéènì ti fọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ìrìn àjò tí Hawkins fi kó àwọn èèyàn wa ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ tà lẹ́rú ni. A kì í sábà ka ìtàn àwọn tó lọ dó sí Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ ti àwọn tí wọ́n kó kúrò lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn kan náà ló wà nínú méjèèjì.

Nígbà tó fi máa rí ọkọ̀ kó jọ, ọdún kan péré ló kù nínú ìwé àṣẹ. Ọbabìnrin kò tiẹ̀ fẹ́ kó lọ fúnra rẹ̀. Ó ní ẹni tí orí kì í gbè lójú omi ni. Raleigh ló bá a bẹ̀ ẹ́ títí tó fi gbà, ọbabìnrin sì fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí Gilbert: ohun ọ̀ṣọ́ kan tó ní àwòrán ìdákọ̀ró tí obìnrin kan ń darí.

Ọkọ̀ márùn-ún ló ṣí ní Plymouth ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1583. Bark Raleigh, tọ́ọ̀nù 200. Delight, tọ́ọ̀nù 120, tí Gilbert fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Golden Hind àti Swallow, tọ́ọ̀nù 40 níkọ̀ọ̀kan. Squirrel, tọ́ọ̀nù 10. (Golden Hind yìí kì í ṣe èyí tí Drake fi yí ayé ká, orúkọ ló pa wọ́n pọ̀.) Tọ́ọ̀nù ìgbà yẹn kì í ṣe ìwúwo ọkọ̀, àyè inú rẹ̀ ni: tọ́ọ̀nù kan jẹ́ àyè tí àgbá wáìnì ńlá kan gbà, nǹkan bí lítà 950. Nítorí náà tí a bá ní Squirrel jẹ́ tọ́ọ̀nù 10, ohun tí a ń sọ ni pé àgbá mẹ́wàá péré ló lè gbà.

Àwọn èèyàn tó wà nínú ọkọ̀ tó bíi 260. Káfíńtà wà níbẹ̀, bíríkìlà wà níbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, akanọkọ̀, àti àwọn tó mọ òkúta tó ní fàdákà nínú. Wọ́n kó onílù àti oníjó dání, àti ẹṣin onígi tí wọ́n fi ń ṣeré ní England, láti fi fa ojú àwọn ará ibẹ̀ mọ́ra. Ẹni tó ronú kan oníjó ronú jinlẹ̀ o. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò oúnjẹ.

Atukọ̀ inú ọkọ̀ ọbabìnrin nígbà náà ń gba gálọ́ọ̀nù bíà kan lóòjọ́, nítorí omi inú àgbá kì í pẹ́ rà, àti bísíkíìtì líle tó wúwo tó páùn kan. Bí a bá fi ìwọ̀n yẹn wo èèyàn 260, bíà nìkan ju tọ́ọ̀nù kan lọ lójúmọ́. Ọjọ́ 53 ni wọ́n lò kí wọ́n tó dé St. John's. Ìyẹn ju tọ́ọ̀nù 53 lọ fún ohun mímu ìrìn àlọ nìkan, nínú ọkọ̀ tí gbogbo àyè wọn jẹ́ 410. Ẹran oníyọ̀ kò tí ì sí níbẹ̀, bísíkíìtì kò tí ì sí níbẹ̀, irinṣẹ́, ìbọn àti èèyàn fúnra wọn kò tí ì sí níbẹ̀. Kò sì sí èyí tí wọn yóò jẹ ní òtútù ọdún náà bí wọ́n bá dó.

Lóru ọjọ́ 13, Bark Raleigh yí padà. Wọ́n ní àìsàn bẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn sọ pé oúnjẹ rẹ̀ ni kò tó. Èyí tó wù kó jẹ́, tọ́ọ̀nù 200 nínú 410 lọ ní ọjọ́ kejì ìrìn àjò. Mo rò pé ibí yìí ni ó yẹ kí Gilbert ti padà. Kò lè padà. Bí ó bá padà, kò sí owó tí yóò fi tún ọkọ̀ kó jọ kí oṣù Kẹfà ọdún 1584 tó dé.

Àìtó oúnjẹ yìí ló yan ọ̀nà fún wọn. Ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n gba gúúsù, kí wọ́n ti ibẹ̀ máa bá etíkun Amẹ́ríkà gòkè, tàbí kí wọ́n gba àríwá lọ sí Newfoundland kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tí ó ti tà. Ọdún ti lọ jù fún ti gúúsù. Ní Newfoundland, àwọn apẹja England, Faransé, Pọtogí àti Sípéènì máa ń wà níbẹ̀ títí di ìparí oṣù Kẹjọ, wọ́n ń pa ẹja cod, ìbátan pánla tí a ń rà ní Bódìjà, wọ́n ń fi iyọ̀ sí i, wọ́n ń sá a. Oúnjẹ wà lọ́wọ́ wọn. Ìrònú tí wọ́n fi gba ọ̀nà yẹn ni pé àwọn yóò gba oúnjẹ ẹlòmíràn.

Kí wọ́n tó débẹ̀, Swallow fi ara rẹ̀ hàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀, olè orí omi ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò lówó láti yan òṣìṣẹ́, ẹni tó bá rí ló ń mú. Wọ́n pàdé ọkọ̀ apẹja kan tó ń lọ sílé, wọ́n ní àwọn fẹ́ tọrọ oúnjẹ díẹ̀, wọ́n bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n jí ìgbòkun, okùn, oúnjẹ àti aṣọ ọrùn àwọn apẹja náà kó. Ẹni tí wọ́n fura sí pé ó fi nǹkan pamọ́, wọ́n wé okùn mọ́ ọn lórí, wọ́n fún un títí.

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ni wọ́n dé ẹnu èbúté St. John's. Ọkọ̀ 36 ló wà nínú rẹ̀. Bí Delight ṣe fẹ́ wọlé báyìí, ó gun àpáta kan tó hàn gbangba létí ọ̀nà, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àwọn apẹja ni wọ́n fi fà á kúrò. Wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn, wọ́n sì ní kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mú oúnjẹ wá. Àwọn Pọtogí ló lawọ́ jù: wáìnì, bísíkíìtì, òróró àti èso tí wọ́n fi ṣúgà sè.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5, wọ́n pàgọ́ sórí ilẹ̀, Gilbert ní kí àwọn oníṣòwò wá. Wọ́n ka ìwé àṣẹ, ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ èdè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ohun tí wọ́n máa ń ṣe ní England bí ilẹ̀ bá ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni tuntun: wọ́n gé ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n gé ebè koríko kan pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, wọ́n kó méjèèjì lé e lọ́wọ́. Ó parí. Ilẹ̀ tó gba líìgì 200 ní ìhà gbogbo ti di ti England, ìyẹn nǹkan bí máìlì 600. Wọ́n ri òpó igi kan mọ́lẹ̀, wọ́n kan àmì ọba England tí wọ́n fi òjé ṣe mọ́ ọn. Òfin mẹ́ta náà nìyí: ìsìn Ìjọ England ni wọn yóò máa ṣe ní gbangba, ẹni tó bá dìtẹ̀ sí ẹ̀tọ́ ọbabìnrin níbẹ̀, ikú ni, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ àbùkù sí ọbabìnrin, wọn yóò gé etí rẹ̀, wọn yóò sì gba ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀.

Ọmọ onílẹ̀ kankan kò sí níbẹ̀. Àwọn Beothuk ló ni erékùṣù náà, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó gbọ́ ohun tí wọ́n kà lábẹ́ àgọ́ yẹn. Nígbà tí Carter, gómìnà Èkó, gbé ìwé tirẹ̀ wá sí Ìbàdàn lọ́dún 1893, àwọn ìjòyè wa kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Wọ́n jiyàn, wọ́n béèrè, oṣù mélòó kan kọjá kí wọ́n tó bá Denton, tó ń di ipò Carter mú, tọwọ́ bọ̀wé, Captain Bower sì wá di ajẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń gun ilé ìṣọ́ Bower ní Òkè Àrẹ̀ lónìí lè ronú lé bóyá ìwé yẹn dára tàbí kò dára, ṣùgbọ́n wọ́n bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ní St. John's, àwọn àjèjì ló ń ka ìwé fún àjèjì. Shanawdithit, ẹni ìkẹyìn tí wọ́n mọ̀ nínú àwọn Beothuk, kú lọ́dún 1829.

Ọjọ́ 17 yẹn kò rọgbọ. Àwọn kan sá wọ igbó, wọ́n ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn relé. Àwọn kan jí ọkọ̀ tó kún fún ẹja gbé lọ. Ìgbẹ́ gbuuru mú ọ̀pọ̀, àwọn kan kú. Daniel, ará Saxony ní Jámánì tó mọ̀ nípa òkúta, mú òkúta kan wá, ó ní fàdákà wà nínú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe onídùúró. Gilbert ní kí wọ́n kó o sínú Delight, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ rẹ̀ létí àwọn Pọtogí. Wọ́n kó àwọn aláìsàn sínú Swallow pé kó gbé wọn padà sí England. Ọkọ̀ mẹ́ta ló ṣẹ́ kù. Gilbert bọ́ sínú Squirrel, nítorí pé ó kéré, ó lè wọ ọ̀sà àti ẹnu odò tóóró, wọ́n sì ṣí ní ọjọ́ 20.

Wọn kò lọ tààrà sí gúúsù. Sable Island ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ, erékùṣù oníyanrìn kan láàárín òkun. Kí ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀? Ẹran. Ará Pọtogí kan ti sọ fún wọn pé àwọn èèyàn òun kó màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, wọ́n sì ti bí sí i gan-an. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ náà ṣì ni?

Ibi tí àlàyé ti takora nìyí. Hayes ní àìbìkítà àwọn tó wà nínú Delight ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀. Richard Clarke, tó ń darí Delight, ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, Gilbert bi òun pé ọ̀nà wo ló dára. Òun ní kí wọ́n kọjú sí ìwọ̀-oòrùn tó yẹ̀ sí gúúsù, torí pé láti gúúsù ni atẹ́gùn ti ń fẹ́, ilẹ̀ ń ṣú, yanrìn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ààlà rẹ̀ sì nà jáde sínú omi. Gilbert ní ìwọ̀-oòrùn tó yẹ̀ sí àríwá ni. Clarke ní erékùṣù kò ju líìgì 15 lọ ní ìhà ibẹ̀, ìyẹn máìlì 45. Kí ilẹ̀ tó mọ́ wọn yóò ti gùn ún. Gilbert ní ìṣirò rẹ̀ kò tọ̀nà, ó sì fi orúkọ ọbabìnrin pàṣẹ. Ti Clarke ni mo gbà. Bí atẹ́gùn bá ń ti gúúsù bọ̀, tí yanrìn sì wà ní àríwá, gbogbo àṣìṣe, bó ti wù kó kéré, ìhà yanrìn ni yóò ti ọkọ̀ sí, ọkọ̀ onígbòkun kò sì lè kọjú sí atẹ́gùn padà bọ̀.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ, ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, nínú òjò àti kùrukùru, Delight gun yanrìn. Òun ló tóbi jù, ìdí rẹ̀ ló rì sómi jù, òun ló kọ́kọ́ kàn án. Cox tó ń darí Golden Hind ju okùn ìwọnmi sílẹ̀: fátọ́mù 7, ó di 5, ó di 4, ó kù 3, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 18. Golden Hind àti Squirrel yí sí gúúsù, wọ́n fi díẹ̀ yọ. Ìgbì fọ́ ìdí Delight yángá-yángá lójú wọn, wọn kò sì lè súnmọ́ ọn. Àwọn tó bá a lọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100: Maurice Browne tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀, tó kọ̀ láti bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, Daniel, Stephen Parmenius, akéwì ará Hungary tó bá wọn lọ kó lè kọ ìtàn wọn. Òkúta fàdákà lọ, ìwé lọ, oúnjẹ tó pọ̀ jù lọ náà lọ.

Èèyàn 16 ló kó sínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n Delight, tí kò ju tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ lọ, pẹ̀lú àjẹ̀ kan ṣoṣo, láìsí oúnjẹ, láìsí omi. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Headly ní kí wọ́n ṣẹ́ gègé, kí wọ́n ju àwọn mẹ́rin tó bá mú èyí tó kúrú jù sómi, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Clarke kọ̀. Ó ní àwọn jọ máa yè ni, àbí kí àwọn jọ kú. Wọ́n ń jẹ koríko òkun, wọ́n ń mu ìtọ̀ ara wọn. Ní ọjọ́ karùn-ún Headly fúnra rẹ̀ kú, ẹnì kan sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Atẹ́gùn gúúsù tó pa Delight náà ló ń tì wọ́n sí àríwá lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ keje, àwọn 14 gúnlẹ̀ sí Newfoundland, kò sì tó ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn náà tí atẹ́gùn yí padà di ti àríwá. Ọkọ̀ àwọn Basque, ẹ̀yà tó wà ní ààlà Faransé àti Sípéènì, láti St. Jean de Luz ló rí wọn, ó sì gbé wọn dé etíkun Sípéènì. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Sípéènì wá bèèrè ẹni tí wọ́n jẹ́, ọ̀gá ọkọ̀ náà ní apẹja tálákà ni wọ́n, ó sì jẹ́ kí wọ́n rìn lọ sí ilẹ̀ Faransé lóru. Ó dùn mí pé ọmọdé tó mọ orúkọ Gilbert pọ̀, tí ẹni tó mọ Clarke kò sì tó nǹkan.

Ọjọ́ 31, àwọn tó wà nínú Squirrel ń na ọwọ́ sí ẹnu wọn, wọ́n ń fa aṣọ ara wọn tó ti gbó fún àwọn Golden Hind rí. Gilbert gbà kí wọ́n padà sílé.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án, Gilbert wá sínú Golden Hind nítorí ìṣó tó fi ẹsẹ̀ gún, kí oníṣègùn lè dí i fún un. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró síbẹ̀, ó kọ̀. Ní ìgbà kan tó tún wá, ó ń sọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀: ọkọ̀ yóò lọ sí gúúsù, òmíràn yóò lọ sí àríwá, ọbabìnrin yóò sì yá òun ní 10,000 páùn. Láàárín ọ̀rọ̀ náà ló rántí pé ọmọ ọ̀dọ̀ òun gbàgbé nǹkan kan sínú Delight nígbà tí òun rán an, ó sì lu ọmọ náà tìbínú-tìbínú, bẹ́ẹ̀ Delight ti rì tipẹ́. Hayes fura pé òkúta fàdákà náà ni.

Wọ́n tún bẹ̀ ẹ́. Squirrel kò yẹ fún àárín òkun lásìkò yẹn. Wọ́n ti kó ìbọn, àwọ̀n ìdáàbòbò àti pákó ogun lé orí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí òkè ọkọ̀ bá wúwo tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fúyẹ́ nítorí pé oúnjẹ àti ohun mímu ti tán nínú rẹ̀, ìgbì tó bá fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lè má jẹ́ kó dìde mọ́. Gilbert ní òun kò ní fi àwọn tí àwọn jọ la ìjì kọjá sílẹ̀ nígbà tí àwọn ń relé. Hayes sọ ìdí mìíràn: àwọn kan ti ń sọ pé Gilbert ń bẹ̀rù òkun, ọ̀rọ̀ yẹn sì dùn ún. Mo rò pé ìdí méjèèjì jẹ́ òótọ́.

Ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án, níhà àríwá erékùṣù Azores, ìgbì ń ga, ó ń ṣẹ́ ní kúkúrú, ó ń ṣónṣó lókè. Lọ́sàn-án, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo Squirrel, ó tún yọ. Gilbert jókòó sí ìdí ọkọ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó ń ké sí Golden Hind nígbàkigbà tí wọ́n bá súnmọ́ra pé bí a ṣe súnmọ́ ọ̀run lórí ilẹ̀ náà la ṣe súnmọ́ ọn lórí omi. Ní aago 12 òru, iná Squirrel kú lẹ́ẹ̀kan náà. Golden Hind dé Falmouth ní ọjọ́ 22.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1584, Raleigh gba ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ìdá kan nínú márùn-ún, ọdún mẹ́fà. Ó fi èèyàn dó sí Roanoke, erékùṣù kan létíkun Amẹ́ríkà, ní 1585, oúnjẹ kò tó, wọ́n padà wálé ní 1586. Newfoundland ní tirẹ̀ kò ní ará England tó ń gbé ibẹ̀ títí di 1610, tí John Guy kó èèyàn 39 lọ sí Cupids. Oṣù Kẹjọ ni òun náà gúnlẹ̀, bíi ti Gilbert. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ àwọn oníṣòwò kan ló náwó rẹ̀, kò sì ta ilẹ̀ tí kò rí. Oúnjẹ ìgbà òtútù wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ilé ìgbé àti ilé ìkẹ́rù ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́, wọ́n sì ṣe ọgbà yí i ká. Àwọn mẹ́rin ló kú ní òtútù àkọ́kọ́.